Olùtọ́jú Ọ̀pọ̀lọ́ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Nílé wa ní Kétu, bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ṣèèṣì wọ yàrá nígbà òjò, ìgbálẹ̀ ni ìyá mi fi ń gbá a síta, á sì máa bá a wí lọ bí ẹni ń bá ọmọ aládùúgbò wí. Kétu tí mo ń sọ yìí kì í ṣe Kétu ti Èkó o. Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni, lódìkejì ibodè. Mo ní láti tètè là á yé yín, torí gbogbo ìgbà tí mo bá sọ fún ará Èkó pé Kétu ni mo ti wá, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé ṣé Máìlì Tuẹ́ẹ́fù ni mo ti wọkọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ẹ́kòó, Alhaja tí mo wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mú mi gòkè lọ sí pálọ̀, ó ṣí aṣọ funfun kan kúrò lórí àpótí gíláàsì ńlá kan, ó ní, "Èyí gan-an niṣẹ́ rẹ." Mo kọ́kọ́ rò pé ẹja ló wà nínú rẹ̀. Mo wò ó títí. Iná kékeré kan ń tàn níbẹ̀. Igi gbígbẹ kan dùbúlẹ̀ láàárín, ohun tútù tó máa ń hù lára ògiri kànga bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, òdòdó funfun àti aláwọ̀ àlùkò sì rọ̀ sórí igi náà. Ìgbà tí ọ̀kan nínú ohun tí mo pè ní ewé fò ni mo tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ ni. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ.

"Ọ̀pọ̀lọ́ rèé, mà," ni mo wí.

"Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ṣé ojú ń dùn mí ni?" Ó ti fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù wọn ń bà á. "Múfútàú ọmọ mi ló ni wọ́n. Ó wà ní Kánádà. Ó ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n kú títí òun á fi dé. Ṣé o gbọ́? Títí òun á fi dé."

Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún abọ́ fífọ̀ àti ilẹ̀ gbígbá, àní mo ti múra sílẹ̀ láti pọn ọmọ ọlọ́mọ. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kí n tó kúrò nílé.

Ẹni tó bá rìnrìn àjò lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ èdè tirẹ̀ lojú rẹ̀ máa ń dààmú jù. Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ ni, mi ò bá ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé mi ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ l'Ẹ́kòó, Yorùbá lèmi náà ń sọ, síbẹ̀ bí mo bá la ẹnu báyìí, ẹ̀rín ni wọ́n á bú sí. Kútọnu ni wọ́n ń pè mí, èmi tí mi ò dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Bí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ mi, "pàdọ́ọ̀n" ti àwọn Faransé á ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ni pé bí o bá kúnlẹ̀ kí àgbà, o ò gbọdọ̀ dìde àfi tó bá ní kí o dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kúnlẹ̀ kí Alhaja, mo sì tẹrí ba títí eékún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mi ò mọ̀ pé ó ti dáhùn, ó ti sọ̀kalẹ̀, ó sì ti gba ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ lọ. Ìyá Ràfíù tó háyà yàrá ìsàlẹ̀ ló gòkè wá yá ìkòkò, tó bá mi lórí ìkúnlẹ̀.

"Kútọnu, ta lò ń kí?" ó ní. "Ṣé ògiri ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Lẹ́yìn náà ló wá fún mi ní ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná, tí mi ò sì mọ̀ mọ́ bóyá kí n máa bínú nìṣó.

Ọ̀dọ̀ Múfútàú fúnra rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ó máa ń pè lórí fídíò lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Òṣìṣẹ́ báńkì ni ní Tinúbú kó tó lọ, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó ní irà tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lòun ti mú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà, pé òun lòun fọwọ́ ara òun so òdòdó náà mọ́ igi. Ọ́kíìdì lorúkọ òdòdó ọ̀hún.

"Fetí sílẹ̀ dáadáa," ó ní. "Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fẹnu mumi. Awọ ara ló fi ń mu ún. Ohunkóhun tó bá kàn án lára, inú rẹ̀ ló wọ̀ yẹn. Torí náà, omi òjò nìkan. Má bu omi kànga sí i o, iyọ̀ ló kún kànga Ìsàlẹ̀ Èkó. Má fọwọ́ tó ní ọṣẹ kàn án, má fọwọ́ tó ní ìpara kàn án."

"Ẹ ṣé, Bùọ̀dá," ni mo wí. Nínú ọkàn mi mo ń bi ara mi pé irú ọ̀pọ̀lọ́ wo lèyí tí kì í mu omi tí gbogbo àdúgbò ń mu.

Bí òjò bá ti ṣú, màá sáré gbé abọ́ sí etí òrùlé. Kẹ́ẹ̀gì omi òjò kún abẹ́ ibùsùn mi. Oúnjẹ wọn ló wá le jù. Kantíkantí ni wọ́n ń jẹ, àwọn kòkòrò tíntìntín tó máa ń bo èso tó bá rà. Àwọn èèyàn ń gba iwájú Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dáa, èmi ń gba ibẹ̀ lọ ra èyí tó ti di omi. Ìyá tó ń tà á fún mi bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń sìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo ní rárá o, kantíkantí ni. Ó wò mí tàánútàánú, ó fi méjì ṣe ènì fún mi.

Mo ń sin kòkòrò nínú ike ní ẹ̀yìn ilé, nílé kan náà tí gbogbo ayálégbé ti ń fi aṣọ lé kòkòrò. Ìyá Ràfíù á kígbe láti ìsàlẹ̀, "Kútọnu! Àwọn ọmọ rẹ tún ti wá bá wa jẹun o!" Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, àpótí náà ní bátìrì tirẹ̀. Èmi á jókòó nínú òòru, màá máa fi páálí fẹ́ ara mi, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ á wà nínú ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn. Mo bi ara mi títí pé nínú èmi àti àwọn, ta ni ọmọ ọ̀dọ̀, ta sì lọ̀gá. Ìdáhùn náà kò le, mi ò kàn fẹ́ gbà á ni.

Ìyá mi pè mí nígbà tí mo lo oṣù kan.

"Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n fún ọ ṣe?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni mò ń tọ́jú, Ìyá."

"Wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá."

"Wọ́n ń tà á?"

"Wọn kì í tà á."

"Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi ń ṣoògùn?"

"Rárá o. Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n kàn ń wò ó ni."

Mo ń gbọ́ ìró ewúrẹ́ wa lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dùn mí dé egungun.

"Ọmọ mi," ó ní, "kúrò nílé yẹn."

Mi ò kúrò. Níbo ni màá lọ? Mi ò fẹ́ padà sí Kétu kí wọ́n máa sọ pé mo lọ, mo bọ̀, mi ò mú nǹkan kan bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn Èkó. Nígbà mìíràn, bí iṣẹ́ bá dín, màá rìn dé Tinúbú, màá dúró síbi tí ibòji wà, màá máa wo àwọn òṣìṣẹ́ báńkì bí wọ́n ṣe ń yára kọjá. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ni mo ń kí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn rò pé mò ń ṣagbe, ó fún mi ní náírà. Mo gbà á, mo sunkún, mo fi ra búrẹ́dì.

Mo sọ fún Múfútàú lọ́jọ́ kan pé àfòmọ́ ni ọ́kíìdì rẹ̀, pé nílé wa ńṣe là ń gé àfòmọ́ dànù lára igi obì. Ó bínú díẹ̀.

"Kì í ṣe àfòmọ́. Kì í fa nǹkan kan lára igi. Ó kàn dì í mú ni. Atẹ́gùn àti òjò ló ń jẹ."

"Ṣebí àwọn àgbà ló ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ni í bá tan?"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà nínú fóònù. "Àbí kì í bá ìkankan tan?" ó ní, ó sì ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Mo ń rí yìnyín tó ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ kedere.

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà kò ké rí láti ìgbà tó ti lọ. Mo fọ́n omi, mo yí iná padà, mo bẹ̀ wọ́n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ńlá rọ̀, mo ṣí fèrèsé pálọ̀ kí atẹ́gùn òjò lè wọlé. Ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, tín, tín, bí ẹni fi ṣíbí kan ife. Òmíràn dá a lóhùn. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń ké. Inú mi dùn débi pé mo jó níbẹ̀, èmi nìkan. Alhaja gòkè wá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Wọ́n ń pè é," ó ní. "Ṣé o gbọ́? Wọ́n ń pe ọmọ mi wálé."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti dá a lójú pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì wà láàyè, Múfútàú ń bọ̀ wálé. Ààfáà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀sìn ò gbà kí a pa ọ̀pọ̀lọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi dà wọ́n nù sínú gọ́tà lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ wọ bàálù. Ní báyìí, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ó ń bi mí láràárọ̀ kó tó bi mí bí mo ṣe sùn: "Àwọn èèyàn rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bẹ?" Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ ni mò ń tọ́jú. Ìpadàbọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi, bí ó bá sì bọ́, èmi náà bọ́ sí títì nìyẹn.

Ní ọdún yẹn, Alhaja tún lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tó dé, ojúlé kún fún èrò. Ó ń bu omi Sàmúsámù tó gbé bọ̀ láti ibẹ̀ fún olúkúlùkù nínú ife kékeré. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá tìtorí rẹ̀ mu omi náà ni Ọlọ́run á ṣe fún un. Gbogbo wọn kọjú sí gábàsì, ètè wọn ń mì. Ìyá Ràfíù tọrọ kí òun ní ilé ti ara òun. Ó kàn mí, mo di ife náà mú, mo sì dúró bí ẹni tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Kí ni mo fẹ́? Kí n dúró l'Ẹ́kòó ni, àbí kí n lọ sílé? Bí mo bá tọrọ ọ̀kan, ẹ̀rù èkejì ń bà mí.

"Mu ún jàre, kò ní jó ọ lẹ́nu," Ìyá Ràfíù ní.

Mo mu ún láìtọrọ nǹkan kan. Ó wúwo díẹ̀ lẹ́nu, ó sì ní iyọ̀ tó rọra fara hàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo gòkè wá tan iná àpótí náà. Alhaja ló wà níbẹ̀. Alhaja tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà! Ó ti ṣí ìdérí, ife Sàmúsámù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìka wọ́n omi náà sórí òdòdó, sórí igi, sórí àwọn ọ̀pọ̀lọ́, ó ń dárúkọ Múfútàú àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ dì pinpin, torí ẹ̀rù. Gbogbo pálọ̀ ń ta sánsán lọ́fínńdà tó dà bí òróró tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà, èyí tó fi ń pa ọwọ́ àti ọrùn.

Ó yẹ kí n kígbe. Ṣùgbọ́n àdúrà ni. Báwo lo ṣe máa gba omi mímọ́ lọ́wọ́ àgbà tó ń tọrọ ọmọ rẹ̀? Mo dúró bí òpó. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ ni mo sáré bu omi òjò, mo fọ gbogbo rẹ̀, mo kó àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà sínú abọ́ mìíràn. Àwọ̀ ara wọn ti ṣí, ẹsẹ̀ wọn nà gbalaja. Mẹ́fà ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun Jímọ̀, méjì ló kù tó ń mí.

Alhaja ti mọ́sálásí dé, ó bá mi tí mo jókòó sílẹ̀ ti abọ́ náà.

"Kí lo fún wọn jẹ?" Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀ pátápátá, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. "Kí lo ṣe fún wọn? Mo fi ilé sílẹ̀ fún ọ lọ sí Mẹ́kà, wọn ò kú. Èmi wá dé tán, o pa wọ́n? Bí ọmọ mi ò bá wálé mọ́, ìwọ ni. Lọ kó ẹrù rẹ."

Bí mo bá dákẹ́, mo di ẹni tí wọ́n lé bọ̀ láti Èkó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, màá sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé Ọlọ́run dé pé ọwọ́ tó fi ṣàdúrà ló fi pa wọ́n. Mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, títí dòní, bóyá iyọ̀ inú omi ni tàbí lọ́fínńdà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Kò ju ìyẹn lọ.

Fóònù bá dún. Múfútàú ni, ó pè lásìkò tó máa ń pè. Alhaja tẹ̀ ẹ́, ó gbé e síwájú abọ́. Múfútàú wo inú rẹ̀.

"Kò sí wàhálà," ó ní. "Ọmọ Kétu, dá mi lóhùn. Ṣé wọ́n mu omi mìíràn?"

Mo wolẹ̀.

"Àbí ẹnì kan fọwọ́ tó ní ìpara kàn wọ́n? Lọ́fínńdà? Lọ́fínńdà ló máa ń ṣe báyìí."

Mo ṣì ń wolẹ̀. Alhaja gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó jókòó sórí àga.

"Múfútàú," ó ní, "èmi ni. Mo bu Sàmúsámù sí wọn lára, kó o lè wálé. Ọwọ́ mi ni mo fi bù ú. Ọmọ yìí mọ̀, kò sì sọ."

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Mọ́mì..."

"Má dá mi lóhùn bí oníbàárà. Ìgbà wo?"

"Màá máa wá kí yín, tó bá yá. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà wá gbé, Mọ́mì. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ó ń ṣòro fún mi láti sọ. Mo rò pé bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, bí ẹ bá ń rí wọn, kò ní dùn yín tó bẹ́ẹ̀."

Alhaja ní ó dáa. Ó ṣàdúrà fún un, gígùn, láìfi ìkankan sílẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run bù sí i níbi tó wà. Lẹ́yìn náà ló pa fóònù, ó sì sunkún pẹ̀lú ohùn, bí wọ́n ṣe ń sunkún nílé òkú. Mo fẹ́ lọ gbá a mú, ẹ̀rù bà mí. Mo kàn jókòó tì í nílẹ̀.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Pe ìyá rẹ."

"Mà?"

"Mo ní pe ìyá rẹ."

Mo pè é. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá. Èmi lọmọ yín ń bá gbé l'Ẹ́kòó."

"Háà! Kí ló ṣe?" Ohùn ìyá mi gba gbogbo pálọ̀. "Ṣé ó jalè ni?"

"Rárá o! Kò jalè, kò purọ́. Ọmọ gidi lẹ bí. Àjò kì í dùn kónílé má relé, ohun tí mo fi pè yín nìyẹn. Tèmi ò ní wálé mọ́. Tiyín á wálé. Lọ́sẹ̀ yìí ni màá fi í ránṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì bọ́. Tó bá wà lọ́dọ̀ yín tó, kó padà wá, bó bá wù ú."

Ojú mi dààmú. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ yìí, tàbí ohun tí mo ti ń bẹ̀ Ẹ́ kó má ṣẹlẹ̀. Mo ń rí ilé wa lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni ojú mi ń wo àwọn méjì tó kù nínú abọ́, tí ọrùn wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi gbé fóònù jìnnà sí ẹnu; mo mọ̀ pé ó ń sunkún, kò sì fẹ́ ká gbọ́.

"Alhaja," ó ní, "Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tọ́jú ọ̀pọ̀lọ́ náà?"

Alhaja wò mí, ó wo abọ́. Ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí àga láìpa á. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ òrùka, ó ká apá aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n da omi òjò sí i.

"Ẹ má fi ọṣẹ o, mà," ni mo wí.

Ó fọ ọwọ́ náà títí, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi síwájú abọ́.

"Ó yá," ó ní. "Fi bí wọ́n ṣe ń gbé e hàn mí."